Ọjọ́ Tí Fóònù Ìyá Àgbà Tú Àṣírí Ìtọ̀ Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá ibì kan fìdí lé ná. Mo fẹ́ fẹnu ara mi ròyìn ara mi lónìí, kí ọ̀rẹ́ burúkú kan tó bá mi rò ó, kó sì bu iyọ̀ sí i. Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó yáa jẹ ẹ́ tán o. Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ wà nínú ẹ̀.

Fóònù kan ló fa gbogbo ẹ̀. Wọ́n gbé e wá fún mi láti tún ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ọjà Tuntun. (Bẹ́ẹ̀ ni, fóònù ni mo ń tún ṣe báyìí. Ẹ ṣáà gba "tún ṣe" yẹn bẹ́ẹ̀, ẹ má lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn kọ́sítọ́mà mi.) Fóònù àtijọ́ ni, gíláàsì ẹ̀ ti fọ́ yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Bí mo ṣe tàn án, mo rí àwòrán kékeré kan lójú ẹ̀: ọmọkùnrin kan tó dé fìlà, tó gbé báàgì kọ́ èjìká.

Háà! Géèmù yẹn ni! Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ń yí, ó ń yí, kò ṣí. Àwọn tó ń darí ẹ̀ ti pa á tì. Mo kàn jókòó tí mò ń wo ọmọkùnrin onífìlà yẹn, ojú mi ń ṣomi. Ọ̀gá mi ní ṣé eruku ló kó sí mi lójú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà.

Irọ́ ni. Ìyá Àgbà ni mo rántí.

Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí bàbá mi. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo sá lọ nígbà tí mo pa school tì ní Malete. Ẹ jọ̀ọ́, wọn ò lé mi o! Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń kàwé fún ìdánwò, èmi ń gbá bọ́ọ̀lù lórí fóònù nínú hostel. Mo gba champion gbogbo hostel, mo sì gba odo nínú course mẹ́rin. Nígbà tó yá, èmi àti ìwé fẹnu kò pé ká má fìyà jẹ ara wa mọ́. Bàbá mi ní òun ò fẹ́ rí ojú mi. Ìyá Àgbà ní òun fẹ́ rí i, kí n máa gbé e bọ̀ lọ́dọ̀ òun.

Ha, ilé yẹn! Kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí Ọjà-Ọba. Igi dóńgóyárò kan wà níwájú ẹ̀, pèpéle sì wà lábẹ́ igi náà tí ìdí àwọn baba ńlá wa ti dán. Tí a bá ti kírun Àsárì tán, òórùn wàrà tí wọ́n ń dín lójúlé kejì á gba gbogbo agboolé, ohùn àwọn ọmọ ilé kéwú á máa ròkè láti ẹ̀yìn ògiri, àwa géńdé tí a ò níṣẹ́ á sì kó ara wa jọ sórí pèpéle, a ó máa pera wa ní ọ̀gá. Ọ̀gá kí ni? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọdún méjìlélógún ni mí nígbà yẹn, kò sì sóhun tí mo jẹ́ ọ̀gá lé lórí ju oorun lọ.

Ibẹ̀ ni Sàká ti bá wa. Sàká ni ọ̀rẹ́ mi láti ilé kéwú. Pàṣán áàfáà kan náà la jọ jẹ. Lára ẹ̀, pàṣán yẹn ṣiṣẹ́, ó gboyè jáde. Lára tèmi, àpá nìkan ló fi sílẹ̀. Ó ní òun ti rí iṣẹ́ fúngbà díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn kan tó ṣe géèmù tí wọ́n fi ń kọ́ ọ̀dọ́ nípa ìlera ìbálòpọ̀. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ gbá a fún oṣù kan, kí wọ́n sọ ibi tó dùn àti ibi tí kò dùn.

Ó nawọ́ sí mi. "Jímọ̀, iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ bí ẹ ti dé! Géèmù ni wọ́n ní kí o wá gbá!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ṣé mo bínú? Rárá. Òótọ́ ni.

Ìṣòro kan ṣoṣo ni pé fóònù tèmi ti kú. Mo fi í sínú àpò ṣòkòtò, mo jókòó lé e. (Ẹni tó jókòó lé fóònù ara ẹ̀ ló ń tún ti ẹlòmíì ṣe lónìí. Ayé!) Ló bá di fóònù Ìyá Àgbà. Bùrọ̀dá bàbá mi ló rà á fún wọn kí wọ́n lè máa gbọ́ wáàsí. Etí Ìyá Àgbà ti ń di díẹ̀díẹ̀, torí náà ohùn fóònù yẹn kì í sọ̀ kalẹ̀. Tí èèyàn bá dín in kù, wọ́n á ní ṣé ara áàfáà ò yá ni.

Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n gbé e fún mi. Géèmù ní kí n fi nọ́ńbà sílẹ̀ kí wọ́n lè máa rán mi létí. Mo fi nọ́ńbà inú fóònù sí i. Ó ní kí n mú ẹni tí mo fẹ́ máa tọ́ sọ́nà. Ọkùnrin mẹ́ta, obìnrin mẹ́ta. Mo wo orúkọ wọn, kí ni mo rí? Jímọ̀! Orúkọ èmi gan-an! Ó dé fìlà, ó lẹ́wà jù mí lọ. Ta ni ẹ rò pé mo mú?

Ẹ má rò pé géèmù ọmọdé ni o. Jímọ̀ inú fóònù máa ń jí láàárọ̀, á wọ kẹ̀kẹ́, á pàdé ọ̀rẹ́, á pàdé ọmọge, ìwọ lo máa pinnu ohun tó máa ṣe. Ọkàn pupa márùn-ún ló ní. Tó bá ṣìṣe, ọ̀kan á kú. Ní level kìíní, wọ́n bi wá bí wọ́n ṣe ń ya ọ̀rá kọ́ńdọ̀mù. Nínú àwa ọ̀gá márùn-ún tí a wà lórí pèpéle, tí ẹnu wa kì í dákẹ́ nípa obìnrin, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ pé wọn kì í fi eyín ya á. Ẹni náà ló sì máa ń dákẹ́ jù láàárín wa! Látọjọ́ náà la ti mọ̀ pé àsọdùn ni gbogbo ìtàn wa.

Àmọ́ level kẹta ni ibojì mi.

Jímọ̀ lọ sí ibi kan, ó ṣe ohun kan. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ìtọ̀ ń ta á bí ata. Géèmù ní kí ni kó ṣe? Kó lọ ra kápúsù lọ́wọ́ oníkẹ́mísìtì? Kó mu àgbo? Kó ṣe sùúrù kó lọ fúnra ẹ̀? Àbí kó lọ ṣe àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn, kó sì sọ fún ọ̀rẹ́bìnrin ẹ̀?

Mo tẹ oníkẹ́mísìtì. Ọkàn pupa kú. Mo tẹ àgbo. Ó kú. Mo tẹ sùúrù, gbogbo ẹ̀ kú pátá, wọ́n dá mi padà sẹ́yìn. Mo tún bẹ̀rẹ̀, mo tún tẹ oníkẹ́mísìtì! Gbogbo àwọn yòókù ti kọjá. Èmi champion hostel ń dúró lójú kan náà lọ́jọ́ kẹrin.

Sàká di orí mú. "Ìwọ Jímọ̀, kí ló ń ṣe ẹ́? Bọ́tìnnì ilé ìwòsàn ló tóbi jù níbẹ̀!"

Mo ní mò ń dán agbára géèmù wò ni.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n ti mọ̀, àbí? Ohun tí èmi fúnra mi ń ṣe ni mò ń tẹ̀. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí ìtọ̀ ti ń ta èmi náà bí ata. Mo ti lọ síbi tí kò yẹ kí n lọ, mo ṣe ohun tí kò yẹ kí n ṣe, mi ò sì lo ohun tó yẹ kí n lò. Mo ra kápúsù aláwọ̀ méjì, mo mu àgbo kíkorò kan tí mo fi rí ojú àwọn òkú ìdílé wa. Ó dín kù lọ́jọ́ méjì, ó tún padà wá. Tí n bá fẹ́ tọ̀, ògiri ni mo máa ń dì mú, n ó sì máa ka àdúà.

Ìyẹn gan-an ò tó nǹkan. Rìsí ló wà lọ́kàn mi. Àfẹ́sọ́nà mi ni, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ó ṣì wà ní Malete níbi tí mo ti sá kúrò. Ó wá kí mi lẹ́yìn tí mo ti ṣe ìbàjẹ́ yẹn, kí àmì tó yọ, a sì jọ sùn. Mi ò sọ nǹkan kan fún un. Kò sí ohun tó ń ṣe é, mo sì ń fìyẹn tu ara mi nínú, títí géèmù àlùjànnú yẹn fi kọ ọ́ sójú mi gàdàgbà: àrùn yìí lè wà lára obìnrin láìsí àmì kankan, kó sì máa ba ibi tí ọmọ ń gbà jẹ́ lábẹ́lẹ̀.

Mo pa fóònù. Kí n lọ sọ fún Rìsí, kí n pàdánù ẹ̀? Àbí kí n dákẹ́? Mo dákẹ́. Akọni!

Ọjọ́ Sunday kan, Ìyá Àgbà ti àsáláátù dé, àwọn àti Ìyá Sálámọ̀ jọ jókòó sórí pèpéle. Ìyá Sálámọ̀ ni ará ilé kejì wa, òun ló ń dín wàrà. Tí o bá sọ ọ̀rọ̀ fún un ní ọwọ́ Àsárì, á ti dé ẹnu ọ̀nà ààfin kí wọ́n tó pe Màgáríbì. Èmi sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Fóònù dún. Ìyá Àgbà tẹ̀ ẹ́. Ohùn obìnrin kan jáde, ohùn tó dùn bíi ti rédíò, agboolé gbọ́ ọ tọmọdé tàgbà:

"Ẹ kú déédéé ìwòyí o! Jímọ̀ ti ń tọ̀ pẹ̀lú ìrora láti ọjọ́ mélòó kan. Jímọ̀ ò tíì lọ sí ilé ìwòsàn. Jímọ̀ ò sì tíì sọ fún ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀. Ìwọ lo lè ràn án lọ́wọ́. Má jẹ́ kó pẹ́ jù!"

Ẹ̀yin ará, mo kú. Mo jí. Mo tún kú.

Ìyá Àgbà rò pé èèyàn ni. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Jímọ̀ wo lẹ ní? Ọmọ ta lẹ̀yin fúnra yín?"

Ohùn yẹn ní tí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n tẹ ení. Ìyá Àgbà ò mọ ení, wọ́n ṣáà ń tẹ gbogbo ẹ̀ kiri. Ló bá tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè! "Jímọ̀ ti ń tọ̀ pẹ̀lú ìrora..." Àwọn tó wà nínú yàrá ti ń jáde síta. Ìyàwó ilé kan gbé ọmọ pọ̀n sáré dé kó má bàa pàdánù ẹ̀.

"Jímọ̀ tiwa yìí?" Ìyá Sálámọ̀ dìde nílẹ̀. "Sùbúhánà! Jímọ̀ tó sùn síbí yìí? Ẹ wò ó, ó rọra ń sùn bí ẹni ire!"

Mo fò dìde, mo kọ lu bútà àlùwàlá, omi dà sí mi nídìí ṣòkòtò. Ẹ fojú inú wò ó! Wọ́n ní èèyàn ń ní ìṣòro ìtọ̀, ó wá dúró láàárín agboolé, ìdí ṣòkòtò ẹ̀ tutù rinrin!

Sàká ló gbà mí. Ó sáré dé, ó gba fóònù, ó ṣí géèmù, ó fi Jímọ̀ onífìlà hàn wọ́n. Ó ní ẹ fọkàn balẹ̀, ẹni inú géèmù ni wọ́n ń sọ, ẹ̀rọ ló ń pè, kì í ṣe èèyàn.

Ẹ̀rín wá sọ! Ìyá Sálámọ̀ fi ìborùn nu ojú. "Háà, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí! Ẹ ò rí ibòmíì kó àtọ̀sí sí, àfi inú fóònù ìyá yín!" Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi ń wú ikọ́. Ọlọ́run ti bò mí láṣìírí! Mo ti bọ́!

Nígbà tí Màgáríbì kù díẹ̀, tí ilé ti dákẹ́, Ìyá Àgbà pè mí pé kí n wá bomi sí bútà fún wọn. Mo ń bù ú, wọ́n ní, "Jímọ̀ inú fóònù yẹn, ta ló máa bá a lọ sí ọsibítù?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyá, kò sẹ́nì kankan. Ẹ̀rọ ni, ẹ ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́. Ìwọ ńkọ́? Ta ló máa bá ìwọ lọ?"

Bútà kún, omi ń dà sílẹ̀.

"O ti ń pẹ́ nínú ilé ìtọ̀. O máa ń jáde wá, òógùn á bo ojú ẹ. Etí mi ló ń di, ọkọ mi. Ojú mi ò tíì di."

Mo kàn jókòó sílẹ̀ nínú omi yẹn, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n gba àkàrà lọ́wọ́ ẹ̀. Wọn ò bi mí ní ìbéèrè kan. Wọ́n ṣe àlùwàlá wọn tán, wọ́n ní kí n tètè jí lọ́la.

Láàárọ̀, kẹ̀kẹ́ gbé wa dé ilé ìwòsàn ìjọba kan. Èrò wà lórí bẹ́ńṣì. Nọ́ọ̀sì rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ìyá, kí ló ń ṣe yín?"

Ìyá Àgbà ní, "Èmi kọ́. Ọkọ mi ni."

Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀yìn wa, ó ń wá bàbá arúgbó. "Ọkọ yín dà, Ìyá?"

Wọ́n nàka sí mi. Gbogbo bẹ́ńṣì yíjú! Ọkùnrin kan tó ń wú ikọ́ gbàgbé ikọ́ ẹ̀. Nọ́ọ̀sì bo ẹnu, ó ní kí ọkọ Ìyá máa tẹ̀lé òun wọlé. Ìyá Àgbà yọ tẹ̀súbáà, wọ́n jókòó síta, wọ́n ní àwọn ò ní kúrò níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì yẹn ò yẹ̀yẹ́ mi o. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò, àtọ̀sí ni. Wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ àti oògùn, wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ dá a dúró lágbedeméjì, mi ò sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ obìnrin títí wọ́n á fi ní ó ti tán. Wọ́n ní kí ọ̀rẹ́bìnrin mi tètè wá, kódà tí kò bá rí àmì kankan.

Nínú kẹ̀kẹ́ tí à ń padà bọ̀, Ìyá Àgbà ò bèèrè orúkọ àrùn. Wọ́n ní, "Ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́?"

Mo ní, "Ìyá, tí n bá sọ fún Rìsí, á kọ̀ mí."

Wọ́n ní, "Ó lè kọ̀ ẹ́. Tí o ò bá sọ fún un, èmi ni n ó kọ̀ ẹ́."

Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, mo wọ bọ́ọ̀sì Malete. Mo bá Rìsí níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì, ó kó ìwé dání. Ó rí mi, inú ẹ̀ dùn! Ìyẹn ló dùn mí jù, ẹ̀rín yẹn. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un ní ìdúró. Ó bi mí ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Mo sọ ọ́. Ó ka ọjọ́ lórí ìka ẹ̀, mo rí ibi tí ìka ẹ̀ dúró sí. Ó kó ìwé ẹ̀ mọ́ra.

"Má tẹ̀lé mi," ni gbogbo ohun tó sọ.

Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì títí obìnrin tó jókòó tì mí fi fún mi ní píọ̀ wọ́tà. Ó rò pé ìdánwò ni mo fẹ́ẹ̀lì.

Ó tó ọjọ́ mẹ́wàá kí n tó gbúròó ẹ̀. Voice note ni. Ó ní àyẹ̀wò ti jáde, ó wà lára òun, wọ́n ti ń tọ́jú òun, dókítà ní ó dáa tí òun tètè wá. Ó ní kí n má wulẹ̀ bẹ òun, òun ò ṣe mọ́. Ó wá ní, "Àmọ́ o ṣeun tí o fẹsẹ̀ ara ẹ wá." Mo gbọ́ voice note yẹn títí mo fi mọ ibi tó ti mí.

Ìyá Àgbà ńkọ́? Wọn ò sinmi títí mo fi ṣí géèmù níṣojú wọn, tí mo tẹ ilé ìwòsàn fún Jímọ̀ inú fóònù náà. Ara ẹ̀ yá, ó ń jó. Wọ́n ṣàdúà fún un, wọ́n ní kó má ṣe irú ẹ̀ mọ́! Látìgbà yẹn, tí Àsárì bá ti parí, wọ́n á dá wáàsí dúró, wọ́n á ké sí àwọn géńdé àtàwọn ọmọge agboolé: "Ẹ wá wo Jímọ̀." Wọ́n á jókòó sáàárín wọn, wọ́n á máa bèèrè pé, "Kí ló ń ṣe báyìí? Ṣé ó ti sọ fún ọmọ náà?" Ẹni tó bá tẹ oníkẹ́mísìtì, Ìyá Sálámọ̀ á lù ú ní abẹ̀bẹ̀!

Gbogbo ẹ̀ ti lọ. Sàká ti kó lọ sí Èkó, pèpéle ti wó, Ìyá Àgbà ti lọ bá Ọlọ́run wọn. Nígbà míì tí mo bá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n pe Àsárì, ó máa ń ṣe mí bíi kí n gbọ́ ohùn wọn lẹ́ẹ̀kan péré, kí wọ́n bi mí ohun tí Jímọ̀ ń ṣe.

Lọ́dún tó kọjá, mo pàdé Rìsí ní Ọjà-Ọba. Ó ti lọ́kọ. Ó pọn ọmọ. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ, mo ń kí i ṣáá bí òpè. Ó wò mí díẹ̀. Ó wá yí ẹ̀yìn sí mi láàárín èrò yẹn, ó sún ìborùn sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n lè rí ojú ọmọ náà dáadáa.

Ohun tí mo kọ́ nìyí, èmi tí school ò rí nǹkan kọ́: ìtìjú kì í pa èèyàn, ìdákẹ́ ló ń ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Géèmù sọ òótọ́ fún mi lọ́jọ́ mẹ́rin, mi ò gbọ́. Ó di dandan kí ẹnì kan bá mi wọ kẹ̀kẹ́.

Ó yá, mo ti tú tèmi síta, ìdí ṣòkòtò àti gbogbo ẹ̀. Ó kù sọ́wọ́ yín. Lọ́jọ́ tí ojú ń ti ìwọ náà láti lọ sí ilé ìwòsàn, ta ló bá ẹ lọ? Kọ ohun tó jẹ́ sí ẹ sísàlẹ̀ níbí, ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, ọ̀rẹ́ ni o, ká jọ ṣàdúà fún un. Tí kò bá sì tíì sẹ́ni tó bá ẹ lọ, tí o ṣì ń di ògiri mú, fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. Láàárọ̀ ọ̀la, ọwọ́ mi ò dí.